Jákẹ́ẹ̀tì Tí Verlin Kò Jẹ́ Kí Wọ́n Gé

Kò sí ẹ̀dá kan tí Ẹlẹ́dàá rán wá sínú ayé yìí láìfún un ní ohun tí yóò fi dáàbò bo ara rẹ̀. Ìjàpá gba igbá líle, òòrẹ̀ gba ẹ̀gún, ejò gba oró. Ológbò, tí í ṣe ẹranko inú ilé, gba èékánná mímú, ṣùgbọ́n àánú tí Ẹlẹ́dàá ṣe é tún ju ti èékánná lọ: Ó fún un ní àkọ̀ nínú àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, níbi tí èékánná náà ń wọ̀ sí nígbà tí kò bá sí ìjà, kí ó má baà fi ohun ìjà ara rẹ̀ ha ara rẹ̀. Ènìyàn nìkan ni a bí lọ́wọ́ òfo. A fún un ní ẹ̀rù, a fún un ní làákàyè, a sì ní kí ó lọ fi méjèèjì wá ohun ìjà tirẹ̀. Ó wá a, ó sì rí i. Láti ọjọ́ náà ni ó ti ń sáré kọ́ bí a ti ń yọ ohun ìjà nínú àkọ̀. Bí a ti ń dá a padà ni kì í fẹ́ kọ́, nítorí kò sí ariwo nínú ẹ̀kọ́ yẹn, kò sì sí ẹni tí í pàtẹ́wọ́ fún un. Láàrin yíyọ àti dídápadà yìí ni ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Verlin Crouse àti Twila àbúrò rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀.

Orí òkè Ozark, ní gúúsù ìpínlẹ̀ Missouri, ni a bí àwọn méjèèjì sí, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì dàgbà sí títí irun fi funfun lórí wọn. Verlin ni ẹ̀gbọ́n. Iṣẹ́ iná mọ̀nàmọ́ná ni ó fi gbogbo ọjọ́ agbára rẹ̀ ṣe. Òun ni ó máa ń gun òpó nígbà tí yìnyín bá já wáyà lulẹ̀, tí gbogbo àdúgbò bá wà lókùnkùn. Nígbà tí ó fẹ̀yìn tì, ilé iṣẹ́ rẹ̀ fún un ní jákẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ilẹ̀ kan tó nípọn, tí wọ́n fi òwú aláwọ̀ wúrà kọ orúkọ rẹ̀ sí láyà. Okùn kan gba etí ìsàlẹ̀ jákẹ́ẹ̀tì náà yíká, èyí tí a lè fà kí afẹ́fẹ́ má baà gba abẹ́ rẹ̀ wọlé. Ní ẹnu okùn yìí ni kókó ike kékeré kan wà, tí kò tóbi ju hóró ẹ̀wà lọ. Verlin wọ jákẹ́ẹ̀tì yìí lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó wọ̀ ọ́ lọ sí ìsìnkú, ó wọ̀ ọ́ lọ ra oúnjẹ ajá. Ìyàwó rẹ̀ ti fi í sílẹ̀ tipẹ́, kò sì bímọ. Ohun méjì péré ni ó fi ń yangàn láyé: jákẹ́ẹ̀tì yẹn, àti Twila, tó gbà tọkàntọkàn pé kò sí ohun tí ẹ̀gbọ́n òun kò mọ̀.

Opó ni Twila. Royce ọkọ rẹ̀ ni ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ilé tí ó ń gbé, lórí gegele kan tí igbó èso bẹ́rì dúdú yí ká. Láti ojú fèrèsé ilé ìdáná rẹ̀, a máa rí ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n sin Royce sí. Ó máa ń sọ fún àwọn ènìyàn pé bí òun bá ń fọ abọ́, òun àti Royce a jọ máa wo ara wọn, pé Royce kò kàn lè sọ mọ́ ni pé abọ́ kan kò mọ́.

Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Ìsinmi kan, nígbà tí Twila wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹnìkan já ìlẹ̀kùn àgọ́ ẹ̀yìn ilé, ó sì jí ẹ̀rọ ìrẹ́gi Royce gbé. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni ọkùnrin kan tí kò mọ̀ rí wá kan ìlẹ̀kùn, ó ní ṣé Royce wà nílé. Kò sí ẹni tó ń gbé àgbègbè yẹn tí kò mọ̀ pé Royce ti kú. Twila dáhùn láti inú ilé pé, "Ó ń sùn." Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó sì lọ. Láti ọjọ́ náà ni oorun Twila ti dàrú.

Janelle ọmọ rẹ̀, tó ń gbé ní ìlú Wichita, kò fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré. "Màmá, ẹ ta ilé yẹn, kẹ́ ẹ máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi."

"Bàbá rẹ ló kọ́ ọ."

"Bàbá mi ò sí níbẹ̀ mọ́ láti ṣọ́ yín." Nígbà tó yá, àwọn méjèèjì fẹnu kò sí ibì kan: Janelle yóò wá jẹ tòlótòló lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní ọjọ́ Ìdúpẹ́, àjọ̀dún tí àwọn ìdílé ibẹ̀ máa ń pàdé ṣe ní ìparí oṣù kọkànlá. Bí ó bá rí i pé ìyá òun ti ń sùn dáadáa, tó sì mọ bí a ti ń ṣọ́ ara ẹni, òun kò ní dárúkọ ilé mọ́. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìyá yóò kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Wichita. Twila gbà.

Ìbọn ìléwọ́ kékeré tí Royce fi sílẹ̀ wà nínú àpótí. Twila gbé e lọ síbi ẹ̀kọ́ àwọn olùbẹ̀rẹ̀ tí wọ́n ń ṣe ní gbọ̀ngàn àwọn panápaná, ó kọ́ bí a ti ń ki ọta sí i àti bí a ti ń yìn ín sí bébà. Nígbà tí ẹ̀kọ́ parí, olùkọ́ wọn sọ fún wọn pé álífábẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀, pé wọn kò tíì mọ̀ ọ́n kà. Kí ẹni tó bá fẹ́ máa gbé ìbọn sára wá ẹ̀kọ́ tó ga ju èyí lọ, kí ó sì fara balẹ̀ yàn án. Ọ̀rọ̀ yíyàn yìí ni Twila gbé lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Verlin, wàá bá mi yan kíláàsì kan."

"Ẹni tó mọ̀bọn lo wá bá yẹn. Jókòó. Ṣé kí n bu ẹ̀wà fún ẹ?"

"Ẹ̀wà rẹ? Royce ní ẹ̀wà rẹ ló fẹ́ pa òun."

"Royce ò moore. Abọ́ tó jẹ níbí kò lóǹkà."

Kíláàsì méjì ni wọ́n rí tí kò jìnnà. Ọ̀kan jẹ́ ti Ìyáàfin Opal Reinholt, nínú ilé ẹ̀kọ́ àtijọ́ kan ní ìsàlẹ̀ àfonífojì. Èkejì jẹ́ ti ọ̀dọ́kùnrin kan tí ń jẹ́ Tanner Lisk, nínú kòtò ńlá kan tí wọ́n ti ń wa òkúta tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ kan náà ni ẹ̀kọ́ tuntun tí àwọn méjèèjì fẹ́ bẹ̀rẹ̀ bọ́ sí, kò sì sí òmíràn kí ọjọ́ Ìdúpẹ́ tó dé. Àwọn olùkọ́ méjèèjì a máa gba òǹwòran láyè nínú èyí tí wọ́n ń ṣe lọ́wọ́, nítorí náà tẹ̀gbọ́n tàbúrò wọ ọkọ̀ akẹ́rù Verlin, ó di ọ̀dọ̀ Opal.

Opal Reinholt ti bá ọkọ̀ pàjáwìrì ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó di olùkọ́. Obìnrin kúkúrú ni, irun rẹ̀ funfun, ohùn rẹ̀ sì wúwo ju ara rẹ̀ lọ. Lórí tábìlì rẹ̀ ni ìgò gbàǹgbà kan wà, irú èyí tí wọ́n ń kó kùkúḿbà kíkan sí, ó sì kún fún kókó ike kéékèèké, dúdú, pupa, aláwọ̀ ewé, bí súìtì tí wọ́n kó jọ de àwọn ọmọdé. Verlin wò ó, kò mọ ohun tó jẹ́.

Ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó yìnbọn. Opal ní kí olúkúlùkù dúró nínú aṣọ tó ń wọ̀ lójoojúmọ́, ó mú àlùmọ́gàjí lọ́wọ́, ó sì ń yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó dé ọ̀dọ̀ géńdé kan tí okùn ń mì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbàdí rẹ̀.

"Kí ni okùn yìí ń ṣe fún ẹ, ọmọ?"

"Ó ń jẹ́ kí aṣọ fún mi nídìí, mà."

"Lọ ra bẹ́líìtì." Àlùmọ́gàjí ké, kókó ike já sínú ìgò, gbogbo ilé sì bú sẹ́rìn-ín.

Opal gbé ìbọn tí kò ní ọta nínú sókè, ó fi ìka mú kókó ike kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. "Tó o bá ń dá ìbọn padà, tí kókó yìí bá yọ́ wọ ibi tí ìka ń gbà fà á, àkọ̀ á ti kókó, kókó á ti irin, ìbọn á dún. Kò ní bi ẹ́ bóyá o ti ṣetán. Ibo lẹnu ẹ̀ sì kọjú sí nígbà yẹn? Itan ẹ ni. Ẹ gbọ́ mi o. Ẹ yọ ọ́ bẹ́ ẹ bá ṣe lè yára tó. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá ń dá a padà, ẹ fojú sìn ín délé, kẹ́ ẹ rọra, bí ẹni ń tẹ́ ọmọ tuntun sùn. Mi ò tíì gbé ẹnì kankan nínú ọkọ̀ pàjáwìrì rí torí pé ó pẹ́ kó tó dá ìbọn padà." Ó sọ fún wọn pé ọ̀sán yóò jẹ́ ti ẹ̀kọ́ ẹ̀jẹ̀ dídá dúró. "Ẹni tí ò bá rántí nǹkan míì, kó rántí èyí: orúnkún yín lójú egbò, gbogbo ara yín lórí orúnkún, ẹ ò sì gbọ́dọ̀ dìde."

Ojú rẹ̀ wá bọ́ sára Verlin. "Bàbá tó wà lẹ́yìn yẹn, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wọ jákẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ilẹ̀. Ẹ súnmọ́ ibí."

"Èmi? Mo kàn wá wòran ni, mà."

"Okùn ò mọ òǹwòran. Ẹ mú un wá."

"Ó tì o. Jákẹ́ẹ̀tì ìfẹ̀yìntì mi nìyí. Inú yìnyín ni mo ti gun òpó kí wọ́n tó fún mi. Àlùmọ́gàjí kankan ò ní kàn án."

"Okùn ni mo fẹ́ gé, mi ò gé orúkọ yín."

"Ara rẹ̀ lokùn wà."

Opal gbé àlùmọ́gàjí sílẹ̀. "Ó dáa. Àmọ́ ẹni tó bá máa jókòó sí kíláàsì mi, inú ìgò yìí lokùn ẹ̀ máa wà. Ẹni tó bá fẹ́ gbé okùn jó, kó gbé e jó níta."

Gbogbo ilé tún bú sẹ́rìn-ín. Etí Verlin gbóná bí ẹni tí wọ́n fọwọ́ gbá, nítorí láàrin ẹ̀rín gbogbo wọn ni ó ti dá ẹ̀rín Twila mọ̀.

Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti lọ sí kòtò òkúta. Níbẹ̀, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Tanner Lisk wọ awò dúdú, irùngbọ̀n rẹ̀ gún régé, ẹ̀rọ kékeré kan sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó ń ké píì, tó sì ń ka àkókò tí ìró ìbọn kọ̀ọ̀kan bá dún. Bí ó bá ti ké, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a yọ ìbọn, a sì máa gbọ́ kọ́n! kọ́n! kọ́n! lára àwọn àwo irin tí wọ́n tò síwájú. Tanner ní kí òǹwòran tó bá láyà jáde wá dán an wò. Verlin jáde. Kò sí àwo kan tí ó tàsé.

"Bàbá! Ta ló kọ́ yín?"

"Ọ̀kẹ́rẹ́ ni," ni Verlin fi fèsì. "Àtọmọdé ni mo ti ń yìn wọ́n. Wọn kì í dúró deni."

"Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ wá wo àgbà! Ẹ pàtẹ́wọ́ fún wọn!" Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ìtìjú tó ti ń jó Verlin létí láti òwúrọ̀ kú bí iná tí a da omi sí.

Nínú ọkọ̀, nígbà tí wọ́n ń padà lọ sílé, Twila ni ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ti ìyá yẹn ló wù mí."

"Ìyá wo? Èyí tó ń ránṣọ?"

"Kò ránṣọ. Gígé ló ń gé e."

"Télọ̀ ni. Tó bá jẹ́ iṣẹ́ télọ̀ lo fẹ́ kọ́, mo mẹni tó máa gbà ẹ́ síṣẹ́."

Twila rẹ́rìn-ín díẹ̀, ṣùgbọ́n kò fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. "Verlin, mi ò wá ìyára. Mo kàn fẹ́ máa sùn nínú ilé mi ni. Ìyá yẹn sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ti rí nǹkan."

"Ẹni tó bá já wọlé tọ̀ ẹ́, ṣé á dúró kó o máa tẹ́ ọmọ sùn? Ìyára ló ń gbani. Ta ló kọ́ ẹ ní mọ́tò wíwà?"

"Ìwọ ni."

"Ṣó o ti kọlu igi rí?"

"Mo kọlu màlúù."

"Màlúù yẹn ló jẹ̀bi."

Twila rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó yíjú sí fèrèsé. "Ó dáa. Ìwọ lo mọ̀ ọ́n jù mí lọ," ni ó wí. Nígbà náà, ọ̀rọ̀ yìí dùn mọ́ Verlin létí. Lẹ́yìn náà, kò sí ọ̀rọ̀ kan láyé tó fẹ́ gbàgbé bí èyí.

Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ lọ sí kíláàsì Tanner. Kí a má purọ́ mọ́ ọ̀dọ́kùnrin náà, ó dá wọn dúró ní òwúrọ̀ ọjọ́ kìíní, ó sì sọ fún wọn pé kí wọ́n máa fara balẹ̀ dá ìbọn padà. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan ni ó sọ ọ́. Ẹ̀rọ rẹ̀ ké títí ilẹ̀ fi ṣú, ẹ̀rọ náà kò sì mọ ìfarabalẹ̀. Verlin ta wọ́n yọ. Wọ́n fún un ní fìlà. Twila ni ó ń kẹ́yìn. Bí àwọn yòókù bá ti ṣetán, a máa tẹ orí ba, a máa wo ìbọn rẹ̀ bí ó ti ń wọ àkọ̀ lọ díẹ̀díẹ̀, gbogbo ènìyàn a sì dúró dè é. Ojú ti Verlin nítorí rẹ̀. "Má mikàn," ni ó sọ sí i létí, "a ó ṣe é nílé."

Bẹ́ẹ̀ ni Verlin ra ẹ̀rọ píì tirẹ̀, ó to àwo irin sí pápá ẹ̀yìn ilé rẹ̀, Twila sì ń wá síbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Oṣù kọkànlá wọlé. Ewé ti tán lórí igi óòkù, afẹ́fẹ́ sì ń ti orí òkè sọ̀ bọ̀ bí ọ̀bẹ. Ní ọjọ́ kan, súwẹ́tà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni Twila wọ̀ wá, eyín rẹ̀ sì ń lu ara wọn. Verlin bọ́ jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó sì gbé e bọ̀ ọ́ lọ́rùn.

"Jákẹ́ẹ̀tì ológo! Ṣé kí n kọ́kọ́ kúnlẹ̀ kí n tó wọ̀ ọ́?"

"Dákẹ́, kó o na ọwọ́ wọ̀ ọ́."

Ó tóbi jù fún un. Etí rẹ̀ kọjá ìbàdí, ó sì bo àkọ̀ ìbọn mọ́lẹ̀. Bí Twila bá fẹ́ yọ ìbọn, a kọ́kọ́ fi ọwọ́ gbá a sẹ́yìn. Ó ṣe é lọ, ṣe é bọ̀, àwọn àwo irin sì ń dún dáadáa. Inú Verlin dùn. Ó wo ẹ̀rọ rẹ̀.

"Yíyọ rẹ ti dáa. Dídápadà ló ń pẹ́. Ò ń wò ó bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́."

"Ìyá yẹn ní—"

"Ìyá yẹn ò sí níbí. Ojú rẹ ní láti wà lára ẹni tó ń bọ̀, kì í ṣe ní ìdí ara rẹ. Tún un ṣe. Má wolẹ̀ o."

Ẹ̀rọ ké. Twila yọ ìbọn, àwo dún, àwo tún dún. Ó gbé ojú síwájú gẹ́gẹ́ bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti wí, ó sì ti ìbọn bọ àkọ̀ láìwò ó. Nǹkan dí i díẹ̀. Ó tún un tì.

Ìró kan dún tí kò jọ ti àwo. Twila sọ pé, "Áà," bí ẹni tó rántí ohun tó gbàgbé sílé, ó sì jókòó sórí koríko. Ọta ti gba ìdí itan wọlé, ó sì jáde lẹ́bàá orúnkún. Ní ọwọ́ Verlin, ẹ̀rọ náà ka ìró yẹn mọ́ àwọn yòókù, ó sì gbé àkókò rẹ̀ sójú gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ rẹ̀.

Verlin tó máa ń gun òpó nínú ìjì kò mọ ohun tí yóò ṣe. Ó sáré síhìn-ín, ó sáré sọ́hùn-ún, ó bọ́ fìlà tí Tanner fún un, ó fi bo ojú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì ń gba abẹ́ fìlà jáde.

"Verlin. Orúnkún rẹ."

"Kí ni?"

"Fi orúnkún rẹ tẹ̀ ẹ́. Ìyá yẹn sọ ọ́. Gbogbo ara rẹ. Má dìde."

Ó kúnlẹ̀ lé itan àbúrò rẹ̀. Twila ké, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ń dínkù. Verlin fi fóònù pe àwọn pàjáwìrì. Ọ̀nà òkúta wẹ́wẹ́ ni ọ̀nà ibẹ̀, ó sì jìn. Wọ́n dúró.

"Jákẹ́ẹ̀tì rẹ ti bàjẹ́," ni Twila wí nígbà tó ṣe, ojú rẹ̀ funfun.

"Jọ̀wọ́, Twila. Jọ̀wọ́, má sọ̀rọ̀ jákẹ́ẹ̀tì."

Nígbà tí ọkọ̀ pàjáwìrì ti gbé e lọ, ọlọ́pàá tó bá wọn dé mú bẹ́líìtì Twila nílẹ̀, ó sì fara balẹ̀ yọ ìbọn nínú àkọ̀. Ó dúró, ó fi ìka tú nǹkan kan jáde níbi tí ìka ń gbà fa ìbọn, ó sì tẹ́ ẹ sí àtẹ́lẹwọ́ láti fi han Verlin. "Bàbá, ohun tó fà á rèé." Kókó ike ni, pẹ̀lú okùn aláwọ̀ ilẹ̀ díẹ̀ tó já mọ́ ọn, àpá irin sì wà lára rẹ̀ bí ojú eyín. Kò sí ẹni tó ní láti ṣàlàyé fún Verlin.

Àwọn dókítà ní Springfield gba ẹ̀mí Twila, wọ́n sì gba ẹsẹ̀ náà là, ṣùgbọ́n iṣan tí í máa gbé iwájú ẹsẹ̀ sókè ti já. Wọ́n ní yóò máa wọ́ ọ nílẹ̀ ni, pé irin ni yóò máa gbé e dúró. Àtẹ̀gùn gíga ni Royce ṣe sí iwájú ilé wọn, àtẹ̀gùn gíga sì ni ó ṣe sí ẹ̀yìn.

Janelle kò dúró de ọjọ́ Ìdúpẹ́. Ó bá Verlin ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn, tó jókòó nínú ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, tí kò wọ nǹkan lé e.

"Ọ́ńkù Verlin, ta ló yan kíláàsì yẹn?"

"Èmi ni."

"Ṣé òun ni Màmá fẹ́?"

Verlin lè purọ́. Ẹnì kan kò ní mọ̀. "Rárá," ni ó wí. "Òmíràn ló fẹ́."

Janelle mi orí, ó wọ yàrá ìyá rẹ̀, ó sì pa ìlẹ̀kùn dé láìgbá a. Ìbá gbá a, ìbá sàn fún Verlin.

Twila kò bínú, èyí gan-an ni kò jẹ́ kí ara tu ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Bí ó bá ti la ẹnu pé, "Èmi ni mo gbé e bọ̀ ẹ́ lọ́rùn," Twila a ní, "Òtútù ló ń mú mi." Bí ó bá ní, "Èmi ni mo ní kó o má wolẹ̀," Twila a wo ògiri. "Ìwọ kọ́ lo ti ìbọn yẹn, Verlin. Mo gbọ́ pé nǹkan dí i, mo sì tún un tì, torí pé mo fẹ́ kí inú rẹ dùn." Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yìí, Verlin kò mẹ́nu bà á mọ́ níwájú rẹ̀.

Ní ọjọ́ Ìdúpẹ́, àárín àwọn páálí ni wọ́n ti jẹ tòlótòló. Verlin di àwọn abọ́ sínú bébà, ó sì ń gbé wọn sínú ọkọ̀ Janelle. Nígbà tí ó padà wọlé fún ìgbà ìkẹyìn, Twila dúró ti ọpọ́n ìfọbọ́, ó fi ọ̀pá ìtìlẹ̀ méjì gbé ara rẹ̀ ró, ó sì ń wo ìta. Kò sí abọ́ nínú ọpọ́n náà. Verlin dúró lẹ́nu ọ̀nà títí Twila fi yíjú padà fúnra rẹ̀.

Nígbà tí yìnyín yọ́, Verlin wa ọkọ̀ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àtijọ́. Kò wọ jákẹ́ẹ̀tì. Opal nìkan ni ó bá, ó ń gbálẹ̀ de àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Verlin ro gbogbo rẹ̀ fún un láìbò kankan, ó sì gbé kókó ike tí ọlọ́pàá ti dá padà fún un sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgò.

"Mo mú un wá, mà. Ẹ bá mi fi í sínú rẹ̀."

Opal gbé e, ó wo àpá irin ara rẹ̀, ó sì tẹ́ ẹ padà sí àtẹ́lẹwọ́ Verlin. Ohùn rẹ̀ kò le. "Rárá, bàbá. Àwọn tí ò tíì ṣe nǹkan kan ló wà nínú ìgò yìí. Tìyẹn ò lè wọ ibẹ̀. Ẹ mú un lọ." Ó bi í bóyá ẹsẹ̀ Twila ṣì ń dùn ún. Ó wá ní bí Verlin bá fẹ́ jókòó, àga wà lẹ́yìn, ẹ̀kọ́ kò ní pẹ́ bẹ̀rẹ̀. Verlin jókòó.

Ó jókòó títí ẹ̀kọ́ náà fi parí, ó sì kọ́ bí a ti ń dá ìbọn padà, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà kò gbé ìbọn sára mọ́. Àwọn àwo irin ṣì wà ní pápá rẹ̀, ìpẹtà ti bò wọ́n. Jákẹ́ẹ̀tì ìfẹ̀yìntì wà ní ilé ìfọṣọ fún ìgbà díẹ̀, ẹ̀jẹ̀ kò jáde tán lára rẹ̀. Ó fi í kọ́ sẹ́yìn ìlẹ̀kùn, kò sì wọ̀ ọ́. Tanner Lisk gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó wá kí Twila ní ilé ìwòsàn, ó sì sunkún níbẹ̀; ó kó kíláàsì rẹ̀ lọ sí Oklahoma, wọ́n sì ní ó ń sọ ọ̀rọ̀ dídápadà lójoojúmọ́ báyìí. Opal Reinholt ṣì ń kọ́ni, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ ìgò kejì. Tọkọtaya kan láti Kansas City ra ilé orí gegele. Wọ́n gé igbó bẹ́rì kúrò kí wọ́n lè rí ọ̀nà. Ọkùnrin tó wá béèrè Royce kò padà wá, kò sì sí ẹni tó mọ ẹni tó jẹ́. Janelle máa ń dáhùn bí Verlin bá pè, ó máa ń sọ pé ó dáa, a sì gbé fóònù fún ìyá rẹ̀. Twila ń gbé nínú yàrá ìsàlẹ̀ nílé ọmọ rẹ̀ ní Wichita, irin kan sì wà ní ẹsẹ̀ rẹ̀. Fèrèsé ilé ìdáná ibẹ̀ dojú kọ ògiri ilé kejì. Ó sọ fún Verlin pé òun ń sùn dáadáa.